Ẹni Tí Yóò Kọ́ Mi Ní Gẹ̀ẹ́sì

Ọmọ Ẹ̀jìgbò ni mí, Yopougon ní Abidjan, ní Côte d'Ivoire, ni wọ́n bí mi sí. Ìwé ìrìnnà Nàìjíríà ni mò ń gbé kiri, síbẹ̀ mo ti dàgbà, mo ti bímọ, kí n tó lè ka lẹ́tà kan ní Gẹ̀ẹ́sì, èdè ìjọba orílẹ̀-èdè tó fún mi ní ìwé náà. Èyí kò ṣàjèjì sí ẹni tó bá mọ àwa Yorùbá Abidjan, àwa tí àwọn onílẹ̀ ń pè ní Ànàgó. Ó ti pẹ́ tí àwọn bàbá wa ti ń wá síbí láti Ẹ̀jìgbò àti àwọn ìlú tó yí i ká, tí wọ́n ń ta ọjà lẹ́bàá ojú irin tí àwọn Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ láti Abidjan lọ sókè ní 1904. Títí di òní, bọ́ọ̀sì wà tó ń gbéra ní Ẹ̀jìgbò, tó ń gba Kútọnu, Lomé àti Accra kọjá, tó fi ń já sí Abidjan. Bí ọmọ wa bá lọ ṣọdún ní Ẹ̀jìgbò, tó sì gbàgbé ara rẹ̀, tó fi Faransé béèrè iye ọjà, ẹni tí yóò dá a lóhùn kò ní wọ́n.

Nítorí náà, bí mo bá ní mo wá olùkọ́ èdè àjèjì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, Gẹ̀ẹ́sì ni mò ń wí.

Aṣọ ni mò ń tà. Ilé-iṣẹ́ Uniwax tó ń tẹ àǹkárá wà ní Yopougon níbí, ní apá ibi tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá wà, àwọn oníbàárà mi sì wà ní Accra, ní Èkó àti ní Peckham, àdúgbò tí àwọn èèyàn wa pọ̀ sí ní London. Àwọn ti Èkó ń bá mi sọ Yorùbá. Àwọn yòókù máa ń fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp, Gẹ̀ẹ́sì sì ni wọ́n ń sọ, títí kan èyí tó jẹ́ ọmọ Yorùbá nínú àwọn ará London, torí ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì nílé-ẹ̀kọ́ girama ló máa ń túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Ọmọ dáadáa ni. Àmọ́ ẹni tí wọ́n ń bá túmọ̀ ọ̀rọ̀ kò lè ná ọjà dé ibi tó yẹ kó ná an dé. Kí ọmọ náà tó sọ ohun tí oníbàárà wí tán, ẹ̀rín tàbí ìkanra tó wà nínú ohùn ọ̀hún ti kọjá lọ, inú ohùn yẹn sì ni ọlọ́jà ti ń mọ̀ bóyá kí òun dín owó kù tàbí kí òun dúró lórí iye tí òun pè.

N kò lè lọ jókòó sí kíláàsì. Ìkànìyàn ọdún 2021 ka èèyàn tó ju mílíọ̀nù kan àtààbọ̀ lọ ní Yopougon, síbẹ̀ àwọn kíláàsì ìrọ̀lẹ́ tí mo mọ̀, òdìkejì ọ̀sà ni wọ́n wà, ní Plateau àti Cocody. Ẹni tó bá ti dúró ní oríta Siporex nígbà tí iṣẹ́ ń parí, tí àwọn ọmọ ọkọ̀ gbàkà ń pariwo orúkọ ibi tí wọ́n ń lọ, tí ọkọ̀ kò sì kúrò lójú kan, kò ní bi mí ní ìdí rẹ̀.

Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, olùkọ́ kò wọ́n. Mo wo italki, tó ti wà láti 2007; mo wo Preply, tí àwọn ọmọ Ukraine mẹ́ta dá sílẹ̀ ní 2012. Wàá rí àwòrán, wàá rí fídíò kékeré tí olùkọ́ fi ń sọ irú ẹni tí òun jẹ́, wàá rí iye tó ń gbà fún wákàtí kan, wàá sì rí ìràwọ̀ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fún un. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ìràwọ̀ márùn-ún ni gbogbo wọn ní. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi ìràwọ̀ yìí síbẹ̀ lè jẹ́ ará Brazil tó ń múra ìdánwò TOEFL sílẹ̀, ohun tó wú u lórí lè má kàn mí rárá. Èmi ń wá ẹni tí yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu mi, tí yóò sì mọ ibi tó ti wá. Kò sí ìràwọ̀ tó ń sọ ìyẹn fúnni.

Àwọn ojú òpó wọ̀nyí tún fúnni láyè láti sọ pé àwọn tí wọ́n bí sínú èdè náà nìkan ni èèyàn fẹ́. Ọ̀pọ̀ ló ń yàn bẹ́ẹ̀ láìro ó lẹ́ẹ̀mejì, torí ó jọ ọgbọ́n: ta ló lè mọ Gẹ̀ẹ́sì tó ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì? Èrò yìí ní ìtàn, ilẹ̀ Áfíríkà níbí sì ni wọ́n ti fi èdìdì dì í. Ní 1961, àwọn onímọ̀ láti àwọn orílẹ̀-èdè Commonwealth pàdé ní Makerere, ní Uganda, lórí bí ó ṣe yẹ kí a máa kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tó ti ibẹ̀ jáde ni pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló yẹ kí a fi kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, pé ẹni tí wọ́n bí sínú rẹ̀ ni olùkọ́ tó dára jù, pé bí èdè mìíràn bá ráyè wọ kíláàsì, Gẹ̀ẹ́sì àwọn ọmọ yóò bàjẹ́. Nígbà tó di 1992, Robert Phillipson kó àwọn ìgbàgbọ́ wọ̀nyí jọ nínú ìwé rẹ̀, Linguistic Imperialism, ó sì fi hàn pé wọn kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ará ilé wa ti fi iṣẹ́ dáhùn ṣáájú rẹ̀. Láti 1970 ni Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí wọ́n wá ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀, gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan láàárín iṣẹ́ yòókù. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì sí àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́.

Olùkọ́ tí mo kọ́kọ́ bá ṣe, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ohùn rẹ̀ dùn-ún gbọ́, kì í pẹ́ dé. Ṣùgbọ́n bí mo bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ, ohun tó lè ṣe kò ju pé kó sọ ọ́ bó ṣe yẹ, kó sì ní kí èmi náà tún un sọ. Mo máa ń tún un sọ. Bí a bá tún pàdé, àṣìṣe ọ̀hún á tún yọjú. Ó ń gbọ́ pé mo ti ṣìnà, àmọ́ kò mọ ibi tí mo ti yà, torí kò rin ọ̀nà náà rí. Àwa tí Faransé wà lẹ́nu wa, bí a bá fẹ́ béèrè nǹkan, “demand” ló máa ń kọ́kọ́ sá wá, nítorí “demander” jẹ́ ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ lọ́dọ̀ wa. Oníbàárà tó wà ní Accra yóò kà á, yóò rò pé à ń pàṣẹ fún òun ni. Olùkọ́ náà yọ “demand” kúrò, ó fi “ask” sí i. Ẹni tó bá gbọ́ Faransé ì bá ti mọ̀ pé irú rẹ̀ pọ̀ lẹ́yìn èyí, ì bá sì ti kìlọ̀ fún mi kí n tó dé ọ̀dọ̀ wọn. N kò bá a wí. Ohun tí kò sí létí èèyàn, kò lè fi gbọ́ràn.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni mo bá ọmọbìnrin kan ṣe ní Èkó. Mo rò pé wàhálà ti tán, torí Yorùbá ni òun náà. Nígbà tó rí mi lójú fóònù, tó rí i pé mo lè bí i, ó kúnlẹ̀ kí mi kí a tó bẹ̀rẹ̀. Ìwà náà dùn mọ́ mi, mo sì gbàdúrà fún ìyá tó tọ́ ọ. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn lọ, kò sí ohun tí mo sọ tí kò dára. “Ẹ kú iṣẹ́ mà.” “Ẹ ń gbìyànjú gan-an mà.” Mo mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kọ́ ilé tó ní ló di í lẹ́nu: wọn kì í sọ fún àgbà pé ohun tó sọ kò tọ̀nà. Àwọn tó ń kọ̀wé nípa bí a ṣe ń yan olùkọ́ kì í mẹ́nu ba èyí, bẹ́ẹ̀ nǹkan ńlá ni láàárín àwa. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá dàgbà ju olùkọ́ lọ, ta ni yóò tún ọ̀rọ̀ ta ni ṣe? Mo sọ fún un pé kó má wo ojú mi. Ó ní “Bẹ́ẹ̀ ni mà”, ó sì ń bá a lọ bíi ti tẹ́lẹ̀.

Ẹni tí mo wá dúró tì, Ìbàdàn ló ń gbé. Kì í ṣe orí ojú òpó kankan ni mo ti rí i. Ẹ̀gbọ́n mi kan ní Ẹ̀jìgbò, tí ọmọ rẹ̀ ti kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ olùkọ́ náà, ló júwe rẹ̀ fún mi. Nígbà tí mo bi ẹ̀gbọ́n mi bóyá ó mọ̀wé, kò dáhùn ìyẹn. Ó ní, “Ó máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tán.” N kò tíì rí ìjẹ́rìí tó dára tó bẹ́ẹ̀ lórí olùkọ́ kankan.

Kí a tó ṣe ohunkóhun, ó ní kí n fi díẹ̀ nínú ohùn tí àwọn oníbàárà mi fi ránṣẹ́ ṣọwọ́ sí òun, ní kí n yọ orúkọ wọn. Àwọn ohùn yẹn ni ìwé wa. Ọ̀rọ̀ lórí ọ̀pá aṣọ, àwọ̀, owó ọkọ̀ àti ọjà tó pẹ́ lójú ọ̀nà. Kò sí “tábìlì wà nínú yàrá”. Lẹ́yìn náà ó ní kí n máa sọ̀rọ̀, ohun tó bá wà lẹ́nu mi ni kí n sọ. Kò dá mi dúró. Mo ń rí i tó ń kọ nǹkan sílẹ̀. Nígbà tí mo dákẹ́, kò sọ pé mo ṣi nǹkan kan sọ. Ó ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pe ahọ́n.”

Mo ní ahọ́n.

“Ẹ pe ihò. Ẹ pe ìhà.”

Mo pè wọ́n.

“Ohun tí à ń wá sínú ‘house’ àti ‘husband’ nìyẹn mà. Ọwọ́ yín ló wà láti ilé.”

Ilé-ẹ̀kọ́ tí mo lọ ní Yopougon, níbi tí wọn kì í ti í pe h rárá, ló ti kọ́ ẹnu mi láti máa fò ó bí mo bá ti rí àjèjì ọ̀rọ̀. Ẹnu tí ìyá mi fún mi kò sọ ọ́ nù rí. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹn, àṣìṣe tí olùkọ́ àkọ́kọ́ ti ń tún ṣe fún mi láti ọjọ́ pípẹ́ kúrò, kò sì padà mọ́.

Bákan náà ló ṣe lórí ibi tí ohùn Gẹ̀ẹ́sì ti ń wúwo. Ìparí ọ̀rọ̀ ni Faransé máa ń tẹ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ ni èmi náà sì ń tẹ gbogbo ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní kí n gbọ́ bí àwọn ará Ìbàdàn ṣe ń pe ohun tí wọ́n yá lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì: dókítà, hòtẹ́ẹ̀lì, kọ̀ǹpútà. Ibi tí ohùn Yorùbá ti kọ́kọ́ gòkè nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ibẹ̀ gan-an ni Gẹ̀ẹ́sì ti tẹ̀ ẹ́. Ìyẹn ni pé àwọn èèyàn wa, tí ọ̀pọ̀ wọn kò wọ ilé-ẹ̀kọ́, ti gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dé ìdí, wọ́n sì fi àmì ohùn tiwa tọ́jú ohun tí wọ́n gbọ́. Mo ronú sí i fún ìgbà pípẹ́. A ti ń pe àwọn ọ̀rọ̀ yẹn ní tálákà ọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ tí kò jẹ́ Yorùbá tí kò sì jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ́ẹ̀ ẹ̀kọ́ pípé ló wà nínú wọn.

Níbi tí Yorùbá kò ti lè ràn mí lọ́wọ́, kò fi pa mọ́ fún mi. “Rẹ̀” tiwa kò bìkítà bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Faransé bìkítà, àmọ́ ohun tí a ní ló ń wò. Gẹ̀ẹ́sì ń wo ẹni tó ni ín. Ó ní ibí yìí ni èdè méjèèjì tó wà lẹ́nu mi yóò ti jọ tàn mí, kí n má retí pé yóò yá. Kò sì yá lóòótọ́.

Àtúnṣe rẹ̀ ńkọ́, ṣé kò ń wo ojú àgbà ni? Ó ń wò ó. Ṣùgbọ́n Yorùbá ti ní ọ̀nà tí ọmọdé fi ń tún ọ̀rọ̀ àgbà ṣe, ó sì mọ̀ ọ́n lò: “Bóyá n kò gbọ́ yín dáadáa mà, ṣé ìyàwó ni ẹ ń wí ni, àbí ọkọ?” Èmi fúnra mi á wo ohun tí mo sọ, màá sì mú un padà. Ẹ̀kọ́ ilé kò dí i lẹ́nu. Ó sọ ọ́ di irinṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí mú mi ronú kan ìyá mi. Ọjà Adjamé ni ìyá mi ti kọ́ Jula, èdè àwọn oníṣòwò ibẹ̀, láìsí olùkọ́, láìsí ìwé, ó sì gbọ́ ọ dé ibi tí àwọn Jula fi ń bi í léèrè ìlú rẹ̀ ní òkè lọ́hùn-ún. Mo bi í nígbà kan pé báwo ló ṣe ṣe é. Ó ní owó lòun fi bẹ̀rẹ̀. Owó Jula kì í ṣe ohun tí èèyàn ń mọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, torí fráǹkì márùn-ún ni ẹyọ kan lọ́dọ̀ wọn: bí wọ́n bá pe ogún, ọgọ́rùn-ún fráǹkì ni wọ́n ń wí. Ẹni tí kò bá tètè mọ ìyẹn yóò pàdánù, yálà owó tàbí oníbàárà. Bí ìyá mi bá pè é ní ìpèkupè, oníbàárà kò ní lọ. Yóò rẹ́rìn-ín, yóò pè é bó ṣe yẹ, yóò sì dúró títí ìyá mi yóò fi pè é, nítorí ó fẹ́ mọ iye ọjà tó dì mọ́wọ́. Gbogbo ọjà ló ń kọ́ ọ, ìdí tí wọ́n sì fi ń kọ́ ọ ni pé wọ́n nílò ohun tó fẹ́ sọ.

Ìyẹn ló ṣòro fún olùkọ́ tí a ń sanwó fún. Kò nílò ohun tí mo fẹ́ sọ. Bí mo sọ̀rọ̀, bí n kò sọ, owó wákàtí rẹ̀ ti pé. Ọ̀pọ̀ wọn ló máa ń bini ní ohun tí wọn kò fẹ́ gbọ́ ìdáhùn rẹ̀: kí lo jẹ láàárọ̀, àwọ̀ wo lo fẹ́ràn. Etí akẹ́kọ̀ọ́ ń gbọ́ ọ pé àwọn èèyàn yìí kò dúró de òun. Ará Ìbàdàn yìí bi mí bí èèyàn ṣe ń mọ àǹkárá gidi yàtọ̀ sí ayédèrú, mo sì rí i lójú rẹ̀ pé kò mọ̀ ọ́n, pé ó fẹ́ mọ̀. Mo fi Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ tí mo ní sọ fún un pé kó yí aṣọ náà padà, pé oje gbígbóná tí wọ́n fi ń bo ibi tí aró kò gbọdọ̀ dé, ojú méjèèjì ni wọ́n ń fi í sí, nítorí náà àwòrán ara àǹkárá gidi máa ń hàn síta àti sínú. Ọ̀rọ̀ kan pòórá lẹ́nu mi. Kò fún mi. Ó dúró bí oníbàárà ìyá mi ṣe ń dúró, títí mo fi gba ọ̀nà mìíràn sọ ọ́. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ sọ Gẹ̀ẹ́sì fún ẹnì kan. Ohun tí mo ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, àkàtúnkà ni.

Ti owó kò ní pẹ́. Kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ pé lórí Preply, ojú òpó náà ló ń gba gbogbo owó ìpàdé àkọ́kọ́ pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ tuntun, lẹ́yìn náà ló ń yọ ìdá 33 nínú 100, tí yóò máa dín kù títí dé 18 bí wákàtí tí olùkọ́ ti fi ṣiṣẹ́ bá ṣe ń pọ̀ sí i. Nítorí náà olùkọ́ tó bá fi gbogbo ọkàn ṣe ìpàdé àkọ́kọ́, ọ̀fẹ́ ló ń ṣe é, ó sì yẹ kí a mọ rírì rẹ̀. Ní ti ẹni tí a kò rí rí, Abidjan tó bí àwọn gbájúẹ̀ tí à ń pè ní brouteur ti kọ́ wa pé owó wákàtí kan la ń kọ́kọ́ san. Aago Nàìjíríà sì fi wákàtí kan ṣáájú tiwa. Kí ẹni tó bá ń dá àkókò ìpàdé rántí. Òwúrọ̀ ni mo yàn, kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, torí ní ìrọ̀lẹ́, orin àwọn maquis, ilé oúnjẹ àti ọtí tiwa, àti àdúrà àwọn ìjọ jọ ń gba ojú afẹ́fẹ́ àdúgbò wa.

Ní báyìí, olùkọ́ mi ti ní kí n máa kọ́ òun ní Faransé. Benin, Niger, Chad àti Cameroon ló yí Nàìjíríà ká, kò sì sí ọ̀kan tí Faransé kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ nínú rẹ̀. Ìjọba Nàìjíríà ti rí i tipẹ́: wọ́n dá abúlé èdè Faransé sílẹ̀ ní Àgbádárìgì ní 1991 fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, Abacha tó ń ṣolórí ìjọba nígbà náà sì kéde ní 1996 pé òun fẹ́ kí Faransé di èdè kejì fún orílẹ̀-èdè náà. Àmọ́ ẹni tó ń gbé Ìbàdàn, ta ni yóò bá sọ ọ́? Mo gbà. Òwúrọ̀ kan Gẹ̀ẹ́sì, òwúrọ̀ kan Faransé, kò sí owó láàárín wa mọ́.

Ohun tí mo ti ń wá lára olùkọ́ di ohun tí mò ń wá lára ara mi. Kò lè pe “bon”. Ó ń pè é bí ẹni tó ń lu agogo, ó ń fi n parí rẹ̀ bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń ṣe. Mo ronú sí ohun tó ti ní láti ilé. Mo ní, “Tísà, ẹ pe ìbọn.” Ó pè é. Mo ní kó gé ì iwájú rẹ̀ kúrò. Ó sọ “bon” bí ọmọ tí wọ́n bí sí Yopougon, ó sì pariwo débi pé ìyàwó rẹ̀ wá yọjú wo ohun tó ṣẹlẹ̀.

“Le” àti “la” ló kù tí n kò tíì rí ọ̀nà rẹ̀ fún un. Yorùbá kò sọ fúnni pé aṣọ jẹ́ ọkùnrin, pé àwọ̀ jẹ́ obìnrin, kò sì sí ìdí tí mo lè fi yé e. Mo bi obìnrin Baule tí ìsọ̀ rẹ̀ kángun sí tèmi, torí èdè tirẹ̀ náà kò ya nǹkan sọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀, mo ní báwo ló ṣe mọ́ ọn lẹ́nu. Ó ní òun kì í pe orúkọ nǹkan ní òun nìkan láti kékeré; “le” tàbí “la” rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá a rìn, bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ ọmọ mọ́ ti bàbá rẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ ni a ó dán an wò. Ohun tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù la ó fi bẹ̀rẹ̀, màá gbé fóònù yí ká kó lè rí wọn: le pagne, le fil, la couleur, le prix.